Ọwọ́ Tí Kì Í Fi Àmì Sílẹ̀

Ní Vaubrot, ìlú kékeré wa lórí òkè, a ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àròyé, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀, àwọn tí kùrukùru ń bò mọ́lẹ̀ láti oṣù kẹwàá títí yìnyín yóò fi yọ́. Àwa tí a wà lókè, ohun tó ń dún ni a ń ṣe tà láti ayé àwọn bàbá ńlá wa, ẹni tó bá sì ń ṣe ohun tó ń dún, dandan ni kó kọ́ bí a ti ń dákẹ́. Ṣùgbọ́n oríṣi ìdákẹ́ méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ọgbọ́n, èkejì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Edmée Bornand mọ àwọn méjèèjì bí ẹní mowó.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni Edmée lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, 1964. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, etí rẹ̀ sì mú débi pé àwọn aládùúgbò kì í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti fèrèsé. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Nígbà tí ọkùnrin kan bi í léèrè nídìí eré káàdì pé kí ló dé tí kò lọ sílé ọkọ, ó ní òun ṣì ń dúró de ọkùnrin tí kì í hanrun ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ọtí fi dànù. Ọmọ kan ṣoṣo tó lè pè ní tirẹ̀ ni Fernand, ọmọ Addor oníbúrẹ́dì, nítorí òun ló gbé e dúró níwájú omi ìsàmì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti ìgbà tí Fernand ti mọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀, kò sí ọjọ́ ọdún tuntun tí kì í gbé búrẹ́dì ọdún lọ sílé Edmée, èyí tí a máa ń dì bí ẹni ń di irun. Yóò so bébà funfun mọ́ ọn, yóò sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: Fún ìyá ìsàmì mi. Edmée kì í ju àwọn bébà náà nù. Inú àwo kan tí kò fi jẹun ló ń kó wọn sí.

Ilé-iṣẹ́ Mirval ló ti ń ṣiṣẹ́, bí ìyá rẹ̀, bí ìyá ìyá rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kámẹ́rà ni wọ́n bí Mirval mọ́. Àpótí olórin ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, àpótí onígi tí ènìyàn á ká sípíríǹgì rẹ̀ tí orin á sì máa jáde. Nígbà tí àwo orin dé, tí ẹnikẹ́ni kò ra àpótí mọ́, wọ́n yọ sípíríǹgì inú àpótí, wọ́n fi yí àwo. Nígbà tí rédíò tún wá gba ọjà lọ́wọ́ àwo, tí ebi fẹ́ lé gbogbo ìlú sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin kan ní Mirval tún mú sípíríǹgì kan náà, ó fi í sínú àpótí irin kékeré, ó fi ojú gíláàsì sí i níwájú, ó sì di kámẹ́rà tí ń ya àwòrán tó ń rìn. Ó gba inú àpò kóòtù. Kò nílò bátìrì, kò nílò wáyà. Ká a, tẹ bọ́tìnnì, yóò sáré fún ìdajì ìṣẹ́jú, ọmọ rẹ tó ń rìn tàgétàgé yóò sì wà nínú fíìmù títí ayé. Dókítà ń rà á, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ń rà á, àwọn tí ń lé ẹyẹ kiri inú igbó ń rà á. Sípíríǹgì kan ṣoṣo ló bọ́ wa fún ọgọ́rin ọdún. Ẹni tó bá ń fi wá ṣẹ̀sín pé a ya ahun, kó lọ wá ohun tí òun náà lè lò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà ayé àpótí olórin, ẹ̀bá fèrèsé ilé ni ìyá Edmée ti ń ṣe tirẹ̀. Àṣà kan wà lókè wa níbí: bí àlejò bá fẹ́ jáde nígbà òtútù, a kì í ṣílẹ̀kùn fún un àfi bó bá mu nǹkan gbígbóná. A kì í rán ènìyàn sọ́nà pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ. Ìyá Edmée mú àṣà náà kúrò lára ènìyàn, ó fi kan ẹ̀rọ. Kí àpótí kan tó kúrò nílé rẹ̀, á ti ṣóńṣó abẹ́rẹ́ bọ inú ọ́ìlì, á fún un ní ẹ̀kán kan, á ní, "Mu ún, ọ̀nà jìn." Ohun tí Edmée ń gbọ́ láti orí ìkókó nìyẹn, kó tó mọ orin kankan kọ parí.

Ní ilé-iṣẹ́, tábìlì ìkẹyìn ni ti Edmée. Àwọn obìnrin mẹ́fà ló ń to inú kámẹ́rà, sípíríǹgì rẹ̀, jíà rẹ̀, èékánná irin kékeré tí ń fa fíìmù. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá parí, á mú abẹ́rẹ́, á fi ha àmì tirẹ̀ sábẹ́ irin pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀, níbi tí ẹni tó rà á kò ní rí láéláé. Bí kámẹ́rà bá ṣàìsàn tó padà wálé, wọ́n á ṣí i, wọ́n á sì mọ ẹni tó bí i. Edmée nìkan ni kò ní àmì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ká sípíríǹgì, kó fi etí sí i bó ṣe ń sáré, kó pa ìdérí dé, kó sì lẹ awọ mọ́ ọn lára. Àwọn ọ̀gá ní ẹni tó ti ilẹ̀kùn kọ́ ló kọ́ ilé.

Ẹni tó jókòó sún mọ́ ọn jù ni Lina Pesenti, ọmọ Italy, láti àwọn òkè Bergamo. Ọdún mẹ́ta ló ti lò pẹ̀lú wa. Àmì tirẹ̀ ni ẹja kékeré kan, ìlà méjì péré. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì máa ń kọrin sínú imú bó ṣe ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń bí àwọn kan nínú. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ rẹ̀: bí iṣẹ́ bá bọ́ lónìí, kí oṣù tó parí kó ti kó ẹrù. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń rò ó. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń kùn pé àwọn ará Italy ti pọ̀ jù, Edmée a máa ní òun kò tíì rí èyí tó jókòó lé òun lórí. Ó ń fún Lina ní jáàmù, Lina ń fún un ní polenta, àgbàdo àwọn ará ilé rẹ̀, tó fi bọ́tà dín.

Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, iṣẹ́ ńlá kan dé. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń gun òkè fẹ́ lọ gun ọ̀kan ní Nepal tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tíì tẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kámẹ́rà Mirval mẹ́ta. Ẹni tí yóò máa ya àwòrán fún wọn ni Fernand wa. Kò ga, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń gun àpáta ẹ̀yìn ìlú bí ewúrẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n. Orí gbogbo ìlú wú. Cuendet, fọ́ọ̀mánù wa, so káàdì pupa mọ́ kámẹ́rà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: GBÍGBẸ. Lórí irú òkè bẹ́ẹ̀, òtútù a máa mú kí ọ́ìlì dì bí ọ̀rá inú ọbẹ̀ àná. Nítorí náà, Lina ní láti fi pẹtiróòlù fọ gbogbo inú wọn, kó sì bu lẹ́búlẹ́bú dúdú bíi ti inú pẹ́ńsù lé wọn dípò ọ́ìlì.

Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta wá síwájú Edmée, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Edmée, ẹ gbọ́ ohùn wọn. Bíi bàbá àgbà tó ti fa sìgá fún ogójì ọdún."

Edmée ká a, ó tẹ bọ́tìnnì, ó fi etí sí i. Kámẹ́rà náà ń sáré dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń ha.

"Ó ń sunkún," ni Edmée wí.

"Kò sunkún o. Ọ̀fun rẹ̀ ló gbẹ. Bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é nìyẹn."

"Mo rí káàdì, mi ò fọ́jú."

"Ṣé kí n gbé e padà?"

"Fi sílẹ̀ jàre. Fèrè ti dún, lọ jẹun."

Lina lọ. Ó ku Edmée àti kámẹ́rà mẹ́ta. Ó tún ká ẹ̀kẹta, ó tún gbọ́ igbe rẹ̀. Fernand ni yóò fi okùn gbé èyí kọ́ ọrùn, yóò gbé e lọ síbi tí ilé kankan kò sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fún wọn ní nǹkan mu. Ọwọ́ rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó gbà fún un. Ó ti ṣóńṣó rẹ̀ bọ ọ́ìlì, ó kán an sí ìdí irin kékeré tí ń darí eré kámẹ́rà náà. Ó ní, "Mu ún, ọ̀nà jìn." Nígbà tó tún ká a, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bí ti ológbò tó sùn ti sítóòfù. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Ó ti na ọwọ́ sí èkejì nígbà tí Cuendet yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Edmée, o rí káàdì pupa, àbí?"

"Mo rí i, Ọ̀gá."

"Gbígbẹ o. Gbígbẹ bí ìwàásù pásítọ̀ wa."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Edmée gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, wọ́n á tú kámẹ́rà náà palẹ̀, odidi ọjọ́ kan Lina á ṣòfò, àwọn obìnrin á sì gbọ́ pé wọ́n dá iṣẹ́ padà nítorí Edmée Bornand, ẹni tí wọn kò dá iṣẹ́ padà nítorí rẹ̀ rí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀kán kan ṣoṣo, kí ni yóò ṣe? Ó pa ìdérí dé, ó lẹ awọ mọ́ ọn.

Ní ìparí oṣù karùn-ún, wáyà dé pé wọ́n ti dé orí òkè. A lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì títí ọwọ́ ẹni tó ń lù ú fi bó. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e kò ní agogo nínú. Kámẹ́rà kọ̀ lókè, Fernand bọ́ ìbọ̀wọ́ láti tún un ṣe, òtútù sì pa àwọn ìka rẹ̀. Nígbà tó padà dé láti ọsibítù ní oṣù kẹjọ, àtàńpàkò nìkan ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ tó ń di búrẹ́dì fún gbogbo wa nìyẹn. Àwọn obìnrin ìlú ń lọ ra búrẹ́dì, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò gbé ojú sí.

Ní oṣù kẹwàá, kámẹ́rà ọ̀hún padà sí Mirval. Cuendet ṣí i lórí tábìlì àárín, gbogbo obìnrin dìde dúró yí i ká. Ó fi pẹ́ńsù tọ́ka sí ìdí irin kékeré. Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti ki.

"Kí lẹ rí níbí?"

Gbogbo wọn rí i. Cuendet yí irin pẹlẹbẹ padà.

"Ta ló ni ẹja?"

"Èmi ni, Ọ̀gá," ni Lina wí. "Ṣùgbọ́n mo fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́."

"Ọ́ìlì wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé?"

"Mi ò mọ̀, Ọ̀gá. Ẹ ṣí àwọn méjì tó kù wò."

"Mo ti ṣí wọn. Wọ́n gbẹ."

"Orin ló gbájú mọ́," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn.

"Ẹ má dá a lẹ́bi jàre," ni òmíràn gbà á. "Ṣebí ọ́ìlì ni wọ́n ń mu ní ìlú wọn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Cuendet kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Lina ṣiṣẹ́ títí oṣù yóò fi parí, lẹ́yìn náà kó máa lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. Edmée dúró ní ìwọ̀n apá méjì sí wọn. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Òtútù kì í ṣe ọba, Cuendet náà kì í ṣe ọba. Ìka tó ṣẹ̀ wà lọ́wọ́ Edmée, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé, ó sì fi wọ́n di etí épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ kejì, nídìí oúnjẹ ọ̀sán, Lina sún mọ́ ọn.

"Àǹtí Edmée, ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ kẹ́yìn. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ ní ó ń sunkún. Ẹ rántí?"

"Mo rántí."

"Tí ọ́ìlì bá wà nínú rẹ̀, kò lè sunkún. Bó bá ń sunkún, á jẹ́ pé ó gbẹ nígbà tó kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún Ọ̀gá. Ohun kan yẹn péré. Ẹ̀yin, wọ́n á gbọ́ tiyín."

Edmée wo àwo oúnjẹ rẹ̀. "Ó ti pẹ́, Lina. Etí mi ò dá mi lójú mọ́."

"Etí yín," ni Lina wí. Ó di polenta rẹ̀ padà sínú aṣọ láìjẹ ẹ́, ó sì lọ jókòó síbòmíràn. Kò kọrin mọ́ láti ọjọ́ náà. Edmée kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun fẹ́ràn orin yẹn, àfi ìgbà tí kò gbọ́ ọ mọ́, tó sì ń gbọ́ bí Lina ṣe ń fa imú mọ́ra, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, tó sì tún ń tẹrí ba sórí iṣẹ́. Ojú ń tì í. Ó ń jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Gbogbo òwúrọ̀ ló ń jáde nílé pẹ̀lú gbólóhùn náà lẹ́nu, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló sì ń gbé e padà wálé láìfọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Fernand wá kí i. Edmée bu kọfí fún un, ó gé àkàrà òyìnbó onípúlọ́ọ̀mù sínú àwo. Fernand fi ọwọ́ òsì gbé ife.

"Ẹ má wo ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ó ti fẹ̀yìntì ni. Òsì ló kù tó ń lọ síbi iṣẹ́, ọ̀lẹ gbáà sì ni."

"Ó ń dùn ọ́?"

"Àwọn ìka tí kò sí mọ́ ló ń dùn mí. Ẹ ò rí i pé ìwọ̀sí nìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. "Ìyá ìsàmì mi, ẹ mọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù? Èmi ni mo yàn án. Mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Nísàlẹ̀, mo ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Méjì ń ha bí ọmọdé tó ní ikọ́. Ẹ̀kẹta dùn létí, ẹ̀n-ẹ́n, ó ń dún bí ológbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Mo ní, èyí gan-an ni ìyá ìsàmì mi fọwọ́ kàn dáadáa. Mo wé e mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Àwọn méjì tó ń ha ni mo ń lò lójú ọ̀nà, wọn ò sì já mi kulẹ̀ rárá. Eléyìí, mo fi pa mọ́ de orí òkè."

Edmée ti àwo àkàrà náà sún mọ́ ọn.

"Lókè, ó sáré fún bí ìgbà tí ènìyàn sín lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Mo ní bóyá ìbọ̀wọ́ ni kò jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo bọ́ ọ. Mi ò fẹ́ gbà pé òun ló kọ̀. Àwọn méjì yòókù wà nísàlẹ̀ nínú àgọ́." Ó gbé ife kalẹ̀. "Wọ́n ní obìnrin Italy yẹn ni. Kó máa lọ. Mi ò fẹ́ rí ojú rẹ̀."

Ó mu kọfí rẹ̀ tán kó tó jáde, bí àṣà wa. Edmée ṣílẹ̀kùn fún un, ó tì í, ó sì fi ẹ̀yìn tì í. Oore tó ṣe ni Fernand gbọ́. Oore náà ló fi yan kámẹ́rà tó gba ìka rẹ̀. Ká ní kò fẹ́ràn ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ ì bá pé.

Lọ́jọ́ Ajé, kó tó wọ épúrọ́ọ̀nù, ó wọ ọ́fíìsì Cuendet.

"Ọ̀gá, èmi ni mo fún un lọ́ìlì."

Cuendet dìde, ó ti ilẹ̀kùn. "Àmì rẹ dà níbẹ̀?"

"Èmi kì í fi àmì sí nǹkan, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o rí i? Edmée, gbọ́. Àwọn ará Japan ti ń ṣe kámẹ́rà oníbátìrì tí ènìyàn lè máa yà kó sì máa fọn ikun imú. Àwọn oníwèé ìròyìn ń bọ̀ níbí. Bí mo bá ní àlejò kan ló ṣàṣìṣe, wọ́n á ní ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bí mo bá ní Edmée Bornand ni, ẹni tí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbí, ta ni yóò tún ra Mirval? Ẹnu igba ènìyàn ló ń jẹ níbí."

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa lọ, Ọ̀gá."

"Mo mọ̀. Ó ń dun èmi náà. Àfi ẹni tó pàdánù ìka nìkan ló lè yí ọ̀rọ̀ yìí padà, òun náà sì ti ní kó máa lọ. Lọ jókòó, jàre."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Edmée kò lọ jókòó. Ó gbé kóòtù rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ńlá jáde lójú gbogbo wọn, lásìkò iṣẹ́, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

Fernand nìkan ló wà nílé búrẹ́dì. Ó na okùn ìyẹ̀fun pípò mẹ́ta sórí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ òsì àti àtàńpàkò kan ṣoṣo dì wọ́n. Èyí tó bá fi òsì dì, àtàńpàkò á tú u.

"Ìyá ìsàmì mi! Ẹ ò lọ síbi iṣẹ́?"

"Lina kọ́," ni Edmée wí. Ó dúró sí ìdí ilẹ̀kùn, kò bọ́ kóòtù. "Èmi ni. Gbígbẹ ló gbé e fún mi. Èmi ni mo fún un lọ́ìlì, ẹ̀kán kan. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi dùn."

Fernand kò gbé ojú sókè. "Ẹ rí káàdì pupa?"

"Mo rí i."

"Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa gbé e?"

"Torí pé ìwọ ni ni mo ṣe ṣe é."

Ìyẹ̀fun pípò náà ń yọ̀ bọ́ láti orí tábìlì, kò sì dá a dúró.

"Lina ńkọ́? Ó ti tó ọjọ́ mélòó tí wọ́n ti lé e?"

"Ọjọ́ keje nìyí."

"Ẹ sì ń jókòó tì í."

"Mo ń jókòó tì í."

Fernand nu ọwọ́ rẹ̀. Ó mú bébà àti kálámù láti ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà. Ó fi òsì di kálámù mú, ṣùgbọ́n bó ti ń kọ̀wé ni bébà ń sá kiri tábìlì.

"Ẹ bá mi di bébà mú," ló wí.

Edmée fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bébà mọ́lẹ̀, Fernand sì kọ ọ́ sáàárín ìka rẹ̀, lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé: pé òun mọ ẹni tó fi ọ́ìlì sínú kámẹ́rà, pé kì í ṣe Lina Pesenti, àti pé bí wọ́n bá lé e, òun yóò ka ìwé yìí fún àwọn oníwèé ìròyìn fúnra òun. Níbi tó ti yẹ kó dárúkọ ẹni náà, ó kọ orúkọ Edmée Bornand ní kíkún. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Edmée kò gbé ọwọ́ kúrò.

Fernand ká ìwé náà, ó nà án sí i.

"Ẹ gbé e fún wọn, Madamọsẹ́ẹ̀lì Bornand."

Láti ọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí; bí àjèjì ṣe ń pe obìnrin tí kò lọ́kọ nìyẹn. Edmée gbà á, ó sì lọ.

Cuendet ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣépè, ó sì fi Lina sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Edmée fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé òun lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń di kámẹ́rà sínú páálí. Nígbà tó ń kó abẹ́rẹ́ rẹ̀, Lina wá bá a. A rò pé yóò dúpẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbà mí," ni Lina wí. "Ọjọ́ mélòó ni mo fi sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, Àǹtí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ tí irin bá ń sunkún."

Tábìlì ìkẹyìn ni wọ́n fún Lina, kò sì gbà á àfi ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí i pé ẹni tó bá ń pa ìdérí dé náà yóò máa fi àmì tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ní ẹja òun kò ní dá nìkan rù ú mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Mirval tó jáde lẹ́yìn náà ṣe ní àmì méjì nínú, títí ọdún 1975 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ pa. Bátìrì ló pa á, kì í ṣe ọ́ìlì.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọdún tuntun tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ parí sí. Yìnyín ti bo ojú ọ̀nà. Edmée ti jí láti àárọ̀, ó gbé kọfí kaná, ó gbé ife méjì sórí tábìlì. Ó jókòó, ó ń fi etí sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ẹsẹ̀ nínú yìnyín, ó sì mọ ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà kó tó dé ẹnu ọ̀nà ọgbà. Ẹsẹ̀ náà gun àtẹ̀gùn, ó dúró. Edmée dìde. Ó ń dúró de kí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ náà tún sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń lọ.

Búrẹ́dì kan wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n wé e mọ́ aṣọ mímọ́. Ní apá kan, dídì rẹ̀ le dáadáa, ní apá kejì ó ti tú bí irun ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá a dì. Kò sí ẹlòmíràn tó lè dì í bẹ́ẹ̀. Bébà funfun wà lára rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, àwọn lẹ́tà rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ: Fún Madamọsẹ́ẹ̀lì Bornand.

Ó gbé e wọlé. Ó fi bébà náà sínú àwo, lé àwọn yòókù lórí. Kọfí ń hó lórí sítóòfù, ife méjì ṣì wà lórí tábìlì, Fernand sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ nínú yìnyín pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ.